Iná Ara Káráfáànù Tó Ti Pẹ́: Ṣé Ká Tún Un Ṣe Ni, àbí Ká Pààrọ̀ Rẹ̀?

Ẹni tó bá ra káráfáànù tó ti lo ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè rà á lówó pọ́ọ́kú, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi máa rí i pé iná ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣe ségesège. Káráfáànù ni ilé kékeré onítáyà tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò lọ sí ìsinmi. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, fíríìjì náà kò gbẹ́yìn. Tí wọ́n bá ti so ó mọ́ mọ́tò tán, ó ti bo iná ẹ̀yìn mọ́tò náà mọ́lẹ̀. Iná tó wà lára káráfáànù fúnra rẹ̀ nìkan ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fi mọ̀ pé awakọ̀ ti tẹ bíréèkì, tàbí pé ó fẹ́ yà sí ọ̀tún. Ẹ̀mí ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ẹwà, ó sì yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn tó ń tún un ṣe ń gbà. Àwọn kan ní kí wọ́n fọ ohun tó wà níbẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ gílóòbù tó bá ti jó, kó sì tán síbẹ̀. Àwọn míì ní kí wọ́n yọ gílóòbù àtijọ́ tó ń lo okùn irin tín-ín-rín kúrò, kí wọ́n ki gílóòbù LED bọ ojú ihò rẹ̀. Àwọn tó kù ní kí wọ́n tú gbogbo iná náà dànù látilẹ̀, kí wọ́n ra iná LED tuntun pẹ̀lú ilé rẹ̀. Ìhà kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀rí tirẹ̀, mo sì máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé àríyànjiyàn yìí ti fo ohun méjì tó ń ba iná káráfáànù jẹ́ ju gílóòbù lọ: wáyà áàtì, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná padà sí bátìrì, tó ti jẹrà, àti omi tó ń gba ẹ̀yìn iná wọ ara ògiri. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ yanjú méjèèjì kàn ń náwó sórí àìsàn tí kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Ohun tí òfin fẹ́ ló yẹ ká fi ṣáájú, torí òun ló máa sọ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ yọ kúrò. Òfin iná ọkọ̀ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1989 ló ṣì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ó fẹ́ iná pupa méjì lẹ́yìn, iná bíréèkì méjì, tiráfíkétọ̀ aláwọ̀ ọsàn ní apá méjèèjì, àti iná funfun tó ń tàn sórí nọ́ńbà ọkọ̀. Ó tún fẹ́ àmì pupa onígun mẹ́ta méjì tí kì í tàn fúnra rẹ̀, àmọ́ tó máa ń dá iná ọkọ̀ ẹlòmíì padà. Igun mẹ́ta yìí ni awakọ̀ tó wà lẹ́yìn fi ń mọ̀ lóru pé ohun tí wọ́n ń wọ́ ló wà níwájú òun, pé kì í ṣe ọkọ̀ tó ń dá rìn. Káráfáànù tó bá fẹ̀ ju mítà 1.6 lọ tún gbọ́dọ̀ ní iná funfun kéékèèké méjì níwájú.

Ọjọ́ orí káráfáànù náà ní ohun tó ń sọ. Èyí tí wọ́n kọ́ ṣáájú oṣù kẹwàá ọdún 1979 kò pọn dandan kó ní iná kùrukùru, ìyẹn iná pupa líle tí wọ́n ń tàn nígbà tí kùrukùru bá bo ojú ọ̀nà. Èyí tó bá dé lẹ́yìn ìgbà náà gbọ́dọ̀ ní in. Iná kùrukùru yìí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ iná bíréèkì ju mìlímítà 100 lọ, tó bá sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, àárín tàbí apá ọ̀tún ló gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó bá ra káráfáànù tí wọ́n kọ́ fún ọjà Jámánì tàbí Faransé ní láti kíyè sí èyí gidigidi, torí pé apá ọ̀tún ọ̀nà ni wọ́n ń rìn níbẹ̀, apá òsì sì ni ẹyọ iná kùrukùru wọn sábà máa ń wà. Ní ti èyí tó fẹ̀ ju mítà 2.1 lọ, tí wọ́n sì kọ́ látìgbà oṣù kẹwàá ọdún 1990, òfin tún fẹ́ iná sí àwọn igun òkè rẹ̀, funfun níwájú, pupa lẹ́yìn, kí èèyàn lè mọ bó ṣe tóbi tó nínú òkùnkùn.

Ẹni tí kò bá mọ ọdún tí wọ́n kọ́ tirẹ̀ lè wo ara gíláàsì fèrèsé. Láti ọdún 1992 ni ètò ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CRiS ti bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń fín nọ́ńbà oníhóró 17 sára fèrèsé káráfáànù tuntun. Inú nọ́ńbà yẹn ni ilé iṣẹ́ tó kọ́ ọ àti ọdún rẹ̀ wà. Tí fèrèsé kò bá ní nǹkan kan lára, tí kò sì jọ pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti dàgbà ju ìyẹn lọ.

Ohun kan wà tó ń mú kí iná káráfáànù bàjẹ́ láìsí ẹni tó sọ̀rọ̀. Mọ́tò tó bá ti pé ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ máa lọ fún àyẹ̀wò MOT lọ́dọọdún. Káráfáànù kì í lọ. Kò sí ẹnì kankan tí ìjọba yàn láti wo iná rẹ̀ kó tó bọ́ sójú títì. Orí ẹni tó ń wà á ni gbogbo ẹrù náà já lé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn òmìnira yìí, mo sì gbà pé ó ń dín ìnáwó kù, ṣùgbọ́n òun náà ló jẹ́ kí káráfáànù kan lè lo ọdún mẹ́wàá pẹ̀lú ẹyọ iná bíréèkì kan.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sídìí wáyà. Káráfáànù àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní púlọ́ọ̀gì méjì, onípíìnnì méje-méje. Dúdú ni ọ̀kan, wọ́n ń pè é ní 12N, òun ló ń gbé iná ojú ọ̀nà. Èkejì jẹ́ aláwọ̀ eérú tàbí funfun, 12S ni wọ́n ń pè é, òun ló ń gbé iná rífáàsì, fíríìjì àti bátìrì inú ilé. Láti ìparí ọdún 2008 ni àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yí sí púlọ́ọ̀gì kan ṣoṣo onípíìnnì 13. Nínú 12N, àwọ̀ wáyà ní ìtumọ̀: yẹ́lò fún tiráfíkétọ̀ òsì, búlúù fún iná kùrukùru, funfun fún áàtì, àwọ̀ ewé fún tiráfíkétọ̀ ọ̀tún, búráwùn fún iná ẹ̀yìn ọ̀tún, pupa fún bíréèkì, dúdú fún iná ẹ̀yìn òsì. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Nínú káráfáànù tó ti gba ọwọ́ ẹni mẹ́rin kọjá, ẹ má fọkàn tán àwọ̀. Ẹ fi mítà wò ó.

Ẹ wo wáyà funfun yẹn dáadáa. Àwọn yòókù ń gbé iná lọ ni. Òun nìkan ló ń gbé gbogbo rẹ̀ padà sí bátìrì mọ́tò. Tí wáyà pupa bá já, bíréèkì nìkan ló kú. Tí wáyà funfun bá dípẹtà, gbogbo ilé ló dàrú, á sì dàrú lọ́nà tó ń tan èèyàn jẹ. Awakọ̀ á tẹ bíréèkì, iná ẹ̀yìn á rẹlẹ̀. Ó máa fi tiráfíkétọ̀ òsì hàn, iná ẹ̀yìn ọ̀tún á máa ṣẹ́jú bí ẹni pé wọ́n jọ pàdé. Ohun tó fà á ni pé iná tí kò rí ọ̀nà padà láti ibi tó yẹ kó gbà á máa wá ọ̀nà míì, á gba inú gílóòbù mìíràn kọjá kó tó délé. Àwọn réwáyà ilé wa mọ àìsàn yìí dáadáa lára dáńfó àti tírélà. Ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ bèèrè ni áàtì, wọ́n sì tọ̀nà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ra gílóòbù, tó ra ilé iná tuntun, tó tún ra púlọ́ọ̀gì tuntun, kí wọ́n tó wá ronú kan wáyà funfun náà nígbẹ̀yìn.

Bí wọ́n ṣe ń dán an wò tún ní àṣìṣe tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo ẹ̀rọ kékeré oní-LED tí wọ́n ń ki bọ púlọ́ọ̀gì, tí iná rẹ̀ bá ti tàn wọ́n á ní wáyà dára. LED kò fẹ́ iná tó pọ̀; wáyà tó kù fọ́nrán bàbà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lè tan LED dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni mítà lè fi fóòtì 12 pípé hàn lórí wáyà tó ti jẹrà, torí pé mítà fúnra rẹ̀ kì í fa nǹkan kan. Gílóòbù bíréèkì tó jẹ́ wáàtì 21 ń fa nǹkan bí áńpù 1.75, àfi kí èèyàn gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ka wáyà lórí kó tó lè mọ òtítọ́. Ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni pé kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹlòmíì fi ẹnu mítà kan kan áàtì iná ẹ̀yìn káráfáànù, kó fi èkejì kan orí odi bátìrì mọ́tò. Tó bá ka ju ìdajì fóòtì lọ, ọ̀nà ìpadà ti dí níbì kan. Kí wọ́n wá máa tẹ̀ lé e láti ìdìpọ̀ kan dé òmíràn títí wọ́n fi máa rí ibi tí fóòtì yẹn ti ń ṣòfò.

Ìdajì fóòtì tàbí fóòtì kan lè dà bíi nǹkan kékeré lójú. Kò kéré. Gílóòbù olókùn irin máa ń rẹlẹ̀ kíákíá ju bí fóòtì ṣe ń dín lọ: tí fóòtì bá dín ní ìdá mẹ́wàá, nǹkan bí ìdá mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ ti lọ. Káráfáànù tí iná rẹ̀ ń tàn bàìbàì lè máà ní gílóòbù kankan tó bàjẹ́. Ibi mẹ́rin ni mo máa kọ́kọ́ wò: inú púlọ́ọ̀gì, níbi tí píìnnì ti ń di aláwọ̀ ewé, okùn tó wà láàárín mọ́tò àti káráfáànù, tó máa ń fara gbo ilẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi bó, àpótí ìdìpọ̀ wáyà, tó sábà máa ń wà nínú àpótí iwájú tàbí lábẹ́ ìjókòó, àti ẹ̀yìn iná kọ̀ọ̀kan, níbi tí irin tó di gílóòbù mú ti dípẹtà. Nígbà tí ẹ bá bó wáyà, ẹ máa gé e títí ẹ ó fi rí bàbà tó ń dán, torí dúdú lè rìn jìnnà nínú rọ́bà. Àwọn ìdè oníke tó máa ń gé wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti yọ ẹ̀ka lára rẹ̀ kò yẹ níta rárá; omi máa ń gba ojú ọgbẹ́ yẹn wọlé. Ẹ yọ wọ́n, kí ẹ fi ìdè tí wọ́n ń fún pọ̀, tó ní awọ tí ń sún kì nígbà tí ooru bá kàn án, rọ́pò wọn. Tí mo bá fẹ́ náwó sórí wáyà tuntun kan ṣoṣo nínú gbogbo káráfáànù, wáyà áàtì tó nípọn, mìlímítà onígun mẹ́rin 2.5 ó kéré tán, láti ẹ̀yìn dé iwájú, ni mo máa fi rà.

Omi ló kàn, òun sì ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fọkàn sí jù lọ. Ògiri káráfáànù àtijọ́ kì í ṣe irin tó ki. Aluminíọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà níta, fóòmù funfun ló wà láàárín, pákó fẹ́lẹ́ ló wà nínú, igi sì ni egungun tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Iná kọ̀ọ̀kan tí wọ́n dè mọ́ ọn jẹ́ ihò kan fún wáyà àti ihò méjì tàbí mẹ́rin fún síkúrúù, gbogbo wọn sì wọnú igi lọ. Ká ka iná nọ́ńbà, iná igun, iná ẹ̀gbẹ́, iná iwájú àti iná ẹ̀yìn pọ̀, ihò tó wà lára káráfáànù kan lè ju ogójì lọ. Ohun tó ń dènà omi níbẹ̀ ni fóòmù tàbí rọ́bà tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn iná. Lẹ́yìn ogún ọdún oòrùn àti òtútù, fóòmù yẹn ti di eruku. Òjò á máa rọra wọlé, igi á máa mu ún, kò sì ní sí àmì kankan nínú ilé títí pákó á fi rọ̀ tí ìka èèyàn á máa wọ inú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ ìmọ̀ràn pé kí wọ́n kàn pààrọ̀ gílóòbù láti iwájú, kí wọ́n má tú ilé iná kúrò. Tí gílóòbù bá ń jó léraléra, tí omi bá ń dúró sínú ìdérí, ẹ tú ilé iná náà pátápátá kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi nǹkan ṣóńṣó gún igi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rinrin wúlò níbi yìí: tó bá ka ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún sísàlẹ̀, ara ògiri le, láàárín 15 sí 20, kí èèyàn máa ṣọ́ ọ, tó bá ti kọjá 20, omi ń wọlé, kò sí àwíjàre. Kí igi gbẹ kí ẹ tó dí i. Kí ihò síkúrúù tó ti gbòòrò gba igi kékeré àti gọ́ọ̀mù líle kí síkúrúù tuntun lè rí nǹkan dì mú.

Nípa ohun tí wọ́n fi ń dí i, sílíkóònù ni gbogbo èèyàn máa ń sáré rà, òun gan-an ni kò dára. Èyí tó ń rùn bíi ọtí kíkan máa ń jẹ aluminíọ̀mù àti bàbà. Bó sì ti wù kó jẹ́, ibi tí sílíkóònù bá ti kàn rí, gọ́ọ̀mù mìíràn kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ mọ́. Ohun tí àwọn tó mọṣẹ́ ń lò lẹ́yìn iná ni gọ́ọ̀mù butyl tí kì í gbẹ, tí wọ́n ń tà ní ìká bíi tẹ́ẹ̀pù. Ó máa ń tẹ̀ sínú gbogbo kòtò, ó sì máa ń ṣeé tú lọ́jọ́ iwájú láìfa awọ aluminíọ̀mù ya. Ẹ dí òkè àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, torí omi tó bá ráyè wọlé gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Ọ̀pọ̀ ilé iná ni wọ́n lu ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ fún iṣẹ́ yìí gan-an, àwọn èèyàn a sì máa fi gọ́ọ̀mù dí i pa nítorí pé wọ́n fẹ́ ṣe é dáadáa jù.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ LED tó lè ní ìtumọ̀. Ẹ̀rí àwọn tó fẹ́ ẹ lágbára. Káráfáànù tó ní gílóòbù wáàtì 5 mẹ́wàá, láti iná ẹ̀yìn dé iná ẹ̀gbẹ́, ń fa ju áńpù mẹ́rin lọ gba inú wáyà tín-ín-rín tó gùn. LED lè fi ìdá díẹ̀ nínú ìyẹn ṣe iṣẹ́ kan náà, kì í sì í jó bí títì bá ń gbọ̀n ọ́n. Iná bíréèkì LED máa ń tàn kíákíá ju ti olókùn irin lọ, torí pé okùn ní láti kọ́kọ́ gbóná. Ní ìyára mọ́tò lójú títì ńlá, àkókò bíńtín yẹn jẹ́ mítà mélòó kan fún ẹni tó wà lẹ́yìn. Èyí nìkan ti tó láti mú mi gbà pé iná bíréèkì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yí sí LED tí owó bá wà.

Ṣùgbọ́n kíki gílóòbù LED bọ ilé iná àtijọ́ yàtọ̀ sí ríra iná LED odidi, mo sì lòdì sí ti àkọ́kọ́. Wọ́n ṣe dígí inú ilé iná àtijọ́ fún okùn kékeré kan tó dúró síbì kan pàtó; LED tó ń tan ìmọ́lẹ̀ láti ara ẹ̀gbẹ́ kò bá ibẹ̀ mu, ìmọ́lẹ̀ á wá lọ síbi tí kò yẹ. Nínú gílóòbù olókùn méjì tí wọ́n ń pè ní P21/5W, okùn wáàtì 5 jẹ́ ti iná ẹ̀yìn, ti wáàtì 21 jẹ́ ti bíréèkì, ìyàtọ̀ wọn sì hàn kedere. Nínú ọ̀pọ̀ LED olówó pọ́ọ́kú, ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan, ẹni tó wà lẹ́yìn lè máà mọ̀ pé wọ́n ti tẹ bíréèkì. LED funfun lẹ́yìn ìdérí pupa tún máa ń mú àwọ̀ rẹ̀ ṣá, torí pupa inú rẹ̀ kò pọ̀. Tó bá di ọ̀ràn òfin, àmì ìfọwọ́sí tó wà lára ìdérí jẹ́ fún ilé iná náà pẹ̀lú irú gílóòbù tí wọ́n fi dán an wò. Tí wọ́n bá ti yí i padà, àmì yẹn kò dúró fún un mọ́.

Iná LED odidi tó ní àmì tirẹ̀ kò ní wàhálà yìí. Àmọ́ mọ́tò tó ń wọ́ káráfáànù lè máà bá a rẹ́. Mọ́tò ìgbàlódé máa ń ka iye iná tí tiráfíkétọ̀ káráfáànù ń fà kó lè mọ̀ bóyá gílóòbù wà níbẹ̀. LED kò fa tó bẹ́ẹ̀, mọ́tò á rò pé gílóòbù ti jó, á kìlọ̀ tàbí kí ó máa ṣẹ́jú kíákíá. Òfin fẹ́ kó máa ṣẹ́jú láàárín ìgbà 60 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì fẹ́ kí awakọ̀ rí àmì tàbí gbọ́ ìró tó ń sọ pé tiráfíkétọ̀ ẹ̀yìn ń ṣiṣẹ́. Àwọn mọ́tò kan tún máa ń fi ìtanná kéékèèké dán gílóòbù wò nígbà tí iná kò tàn. Gílóòbù olókùn kì í mọ̀ ọ́n lára, LED á máa tàn pìrì-pìrì lójú ọ̀nà. Ọ̀nà àbáyọ wà: rílè tó ń gba iná tààrà láti bátìrì mọ́tò, tàbí ẹ̀rọ kékeré tó ń fa ẹrù díẹ̀ kún un kí mọ́tò lè fọkàn balẹ̀. Irú ẹ̀rọ yìí máa ń gbóná gan-an, kò sì gbọ́dọ̀ kan pákó tàbí fóòmù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó de sókẹ́ẹ̀tì mọ́ mọ́tò yín kí ẹ tó ra LED kankan.

Àwọn tó fẹ́ pa iná àtijọ́ mọ́ náà ní ẹ̀tọ́ lọ́wọ́, pàápàá fún káráfáànù tó lẹ́wà tí iná rẹ̀ wọnú àpẹẹrẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé ìdérí ti fọ́, ilé iṣẹ́ tó kọ́ káráfáànù kò sì sí mọ́. Caravans International tó ń ṣe káráfáànù Sprite ṣubú lọ́dún 1982. Lunar, tó wà nítòsí Preston, kógbá sílé lọ́dún 2019. Síbẹ̀ èyí kò fi bẹ́ẹ̀ burú tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Àwọn ilé iṣẹ́ káráfáànù kì í sábà ṣe iná fúnra wọn. Wọ́n ń rà á lọ́wọ́ àwọn bíi Hella àti Jokon ní Jámánì tàbí Britax àti Rubbolite, iná kan náà sì lè wà lára káráfáànù mẹ́ta tí orúkọ wọn yàtọ̀.

Ẹ ka ohun tó wà lára ìdérí. Nínú àmì róbótó, E ló ń jẹ́rìí sí ìfọwọ́sí, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e sì ni orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i: 1 ni Jámánì, 2 ni Faransé, 3 ni Ítálì, 4 ni Netherlands, 11 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sọ iṣẹ́ rẹ̀: R fún iná ẹ̀yìn, S1 fún bíréèkì, 2a fún tiráfíkétọ̀ ẹ̀yìn, F fún kùrukùru, AR fún rífáàsì, IIIA fún àmì onígun mẹ́ta. Pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ àti àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, èèyàn lè rí irú rẹ̀ ní ọgbà àwọn tó ń tú káráfáànù palẹ̀, bí àwọn ará ilé ṣe ń wá iná tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀. Nígbà tí ẹ bá rà á níbẹ̀, ẹ gbé e síwájú oòrùn kí ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Oòrùn máa ń ṣá pupa di àwọ̀ òdòdó, ó sì máa ń ṣá ọsàn di yẹ́lò tó ti rẹ̀. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fọ̀ ọ́ kó padà. Ìdérí tó kàn ṣókùnkùn ní ojú nìkan ni a lè fi ọṣẹ dídán ike nù kó mọ́.

Iná tó wà lókè ẹnu ọ̀nà, èyí tí wọ́n ń tàn nígbà tí wọ́n bá jókòó síta lálẹ́, rọrùn ju gbogbo èyí lọ. Bátìrì inú ilé ló ń gbé e, òfin ojú ọ̀nà kò sì béèrè rẹ̀. Ẹ yí i sí LED láìbẹ̀rù. Ní ti ọ̀pá iná wáàtì 8 tó wà nínú àwọn àtijọ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ á hàn kíákíá lára bátìrì. Ohun kan ṣoṣo ni pé kò gbọ́dọ̀ tàn nígbà tí káráfáànù bá ń rìn. Lára èyí tí kò pẹ́ jù, rílè kan máa ń pa iná ilé nígbà tí ẹ́ńjìnnì mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó dàgbà lè máà ní in, kí awakọ̀ rí i dájú pé ó ti pa á.

Tí ẹnì kan bá bi mí ibi tó yẹ kí owó rẹ̀ kọ́kọ́ lọ, mo máa sọ pé kó ra gọ́ọ̀mù butyl àti wáyà áàtì, kó tú gbogbo ilé iná, kó wo igi ẹ̀yìn wọn, kó dí wọn padà dáadáa. Lẹ́yìn náà kó ra iná LED odidi fún bíréèkì àti iná ẹ̀yìn, tí mọ́tò rẹ̀ bá lè bá a rẹ́. Kó fi gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí iṣẹ́ wáyà kò bá yé, àwọn ilé ìtúnṣe tó wà lábẹ́ ètò Approved Workshop Scheme ń ṣe àyẹ̀wò iná àti ọ̀rinrin pọ̀ nínú àyẹ̀wò ọdọọdún wọn. Ẹ sọ fún wọn ní kedere pé kí wọ́n dán áàtì wò pẹ̀lú ẹrù lórí rẹ̀, kí ẹ sì gba èsì ọ̀rinrin gbogbo ẹ̀yìn iná lákọsílẹ̀ kí ẹ tó san owó.